Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Sinimá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí kan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa. Ẹnìkan tu owó jọ, ó fẹ́ máa ṣe sinimá, tàbí kí ó máa gba àwòrán ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀ fún àwọn tí yóò san owó. Ó wọ ọjà, ó bá oríṣiríṣi kámẹ́rà lórí àtẹ. Ó bèèrè ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé àwòrán tí a sì fi ń tò ó, wọ́n ka márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i létí. Olúkúlùkù ọlọ́jà ní tòun ni ó dára jù. Èwo ni kí ó mú?

Ó dà bí ìbéèrè tuntun, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 130 ọdún tí àwọn oníṣẹ́ sinimá ti ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yàn dáadáa, iṣẹ́ wọn sì gbèrú. Àwọn mìíràn yan ohun tí ó dára lójú, ó sì sọ wọ́n di onígbèsè. Bí a bá yẹ ìtàn wọn wò, a ó rí ẹ̀kọ́ kan tí kò yí padà láti ìgbà náà wá: ẹni tí ó fẹ́ yan kámẹ́rà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara kámẹ́rà. Òpin iṣẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Níbo ni àwọn ènìyàn yóò ti wo àwòrán náà? Níbo ni a ó ti gé e, tí a ó sì ti tò ó? Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Thomas Edison àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ W. K. L. Dickson ṣe ẹ̀rọ ayàwòrán kan tí wọ́n pè ní Kinetograph. Iná mànàmáná ni ó ń yí i. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbígbé rẹ̀ kiri kò rọrùn, nítorí náà ní 1893 wọ́n kọ́ ilé dúdú kan fún un ní West Orange, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, òun ni yóò wá bá kámẹ́rà nínú ilé náà. Bí àwòrán bá parí, inú àpótí kan ni wọ́n ń fi í sí, ẹnìkan ṣoṣo ni ó sì lè yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ní ilẹ̀ Faransé, ní ìlú Lyon, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà, Auguste àti Louis Lumière. Àwọn pẹ̀lú ṣe ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n sọ ọ́ ní Cinématographe. Ọwọ́ ni a fi ń yí i, ẹnìkan sì lè gbé e rìn bí ẹni gbé àpótí kékeré. Ẹ̀rọ kan náà ni ó ń ya àwòrán, òun ni ó ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀, bí a bá sì gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, òun náà ni ó ń fi àwòrán hàn lára aṣọ funfun. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá, 1895, wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n sì fi sinimá hàn wọ́n ní Grand Café ní Paris. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn fi gbé ẹ̀rọ yìí dé Rọ́ṣíà, Íńdíà, Íjíbítì àti Japan. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún 1903, sinimá ti dé Èkó, a sì fi í hàn ní gbọ̀ngàn Glover.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ Edison burú bí? Rárá o. Iná tí ń yí i kì í jẹ́ kí eré rẹ̀ yára jù tàbí kí ó fà jù, bí ọwọ́ ènìyàn ti lè ṣe. Ohun tí ó fà á sẹ́yìn ni pé inú àpótí tí ẹnìkan ń yọjú sí ni Edison rò pé àwòrán yóò parí sí. Àwọn Lumière ti rí i pé ẹni púpọ̀ ni yóò jọ jókòó wò ó, àti pé kámẹ́rà ni yóò máa lọ bá ènìyàn nílé àti lóko. Ibi tí iṣẹ́ ń lọ ni ó sọ ẹ̀rọ tí ó yẹ.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ di ti ìbú fíìmù. Fíìmù tí a ń lò ní ilé sinimá jẹ́ mílímítà 35 ní ìbú. Fọ́tò kéékèèké ni ó tò sí ara rẹ̀, 24 nínú wọn sì ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí tí fíìmù tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1000 fi ń tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 11. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Kodak gbé fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 16 jáde. Fọ́tò ara rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 400 péré ni yóò lo ìṣẹ́jú 11 kan náà. Ó dín owó kù, ó sì mú kí kámẹ́rà fúyẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lè bèèrè pé èwo ni ó dára jù nínú méjèèjì. Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí a bá ní kí fíìmù 16 kún ojú aṣọ ńlá ní ilé sinimá, yóò máa hàn bí ohun tí a da iyanrìn sí. Bí oníròyìn bá sì ní òun yóò gbé kámẹ́rà 35 sáré tẹ̀lé àwọn tí ń ṣe ìwọ́de, ọ̀rọ̀ yóò ti parí kí ó tó dúró dáadáa. Nítorí náà ni àwọn onísinimá ńlá fi di 35 mú, tí àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọkọ̀ ìjọba tí ń fi sinimá hàn láti abúlé dé abúlé sì mú 16.

Kí a má gbàgbé ẹni tí ń gé fíìmù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú èyí tí ó wúlò nínú gbogbo ohun tí a yà, kí ó sì tò ó kí ó di ìtàn. Ní 1924, Iwan Serrurier ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ Moviola jáde fún wọn, tí wọ́n fi ń wo fíìmù síwá sẹ́yìn kí wọ́n tó fi abẹ gé e. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí òfin kan tí wọn kò jẹ́ fi ṣeré. Fíìmù tí ó jáde láti inú kámẹ́rà ni a lè pè ní ìyá fíìmù. Wọn kì í gé ìyá fíìmù. Ẹ̀dà tí a tẹ̀ lára rẹ̀ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń lẹ̀, tí wọ́n ń tú, tí wọ́n sì tún ń lẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo ìpinnu bá parí ni wọ́n tó fi ọwọ́ kan ìyá fíìmù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú.

Ní 1956, ilé-iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó ń gba àwòrán sílẹ̀ sórí téèpù, bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ìbú téèpù náà tó ínǹṣì 2, owó ẹ̀rọ náà sì tó nǹkan bí 50,000 dọ́là. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ CBS fi í gbé ìròyìn jáde. Ìyanu ńlá ni. Fíìmù gbọ́dọ̀ lọ sí ilé tí a ti ń fọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n téèpù kò nílò fífọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni a lè wò ó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Àǹfààní tí ó wà lára téèpù náà ni ó di ìpalára. A lè pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí a sì tún un lò, téèpù sì wọ́n. Ilé-iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù pa ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 1980 rẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún bèèrè wọn. Nígbà tí ayé wá ń wá àwọn eré náà, wọ́n ti lọ. Ẹ̀rọ dára, òṣìṣẹ́ sì gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bèèrè pé ta ni yóò tọ́jú iṣẹ́ náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé wa ti ń lọ láti ìlú dé ìlú láti ayé Hubert Ògúndé. Nígbà tí ó di 1976, Ọlá Balógun, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris, pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ṣe fíìmù Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá. Àwọn ènìyàn ya lọ wò ó. Láàárín 1979 sí 1982, Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe Ayé, Jáyésinmi àti Àròpin Ń Tènìyàn. Inú àwọn olùwòran dùn láti rí èdè wọn àti ìṣe wọn lójú aṣọ ńlá.

Ṣùgbọ́n iye tí ó ń náni pọ̀. Fíìmù fúnra rẹ̀, láti òkè òkun ni. Lẹ́yìn tí a bá yà á tán, òkè òkun náà ni yóò padà sí fún fífọ̀ àti títẹ ẹ̀dà, pàápàá Lọ́ńdọ̀nù. Bí àṣìṣe kan bá wà nínú rẹ̀, ìgbà tí ó bá padà dé ni a ó tó mọ̀, àwọn òṣèré sì ti lè tú ká nígbà náà. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń san gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka iye owó kámẹ́rà nìkan, kò tíì ka ìdajì ohun tí yóò ná.

Ní 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ni ó sì darí rẹ̀. Owó ńlá ni ó fi ṣe é, èrò rẹ̀ sì ni pé owó tí àwọn ènìyàn bá san lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá ni yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n láti 1976 ni ilé-iṣẹ́ JVC ní Japan ti gbé fídíò VHS jáde, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti wọ yàrá àwọn ènìyàn. Àwọn olè ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á. Ẹni tí ó ti wò ó nílé kò tún lọ san owó níta. Òfò ńlá ni ó jẹ́ fún Bàbá Sàlá, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọkùnrin tí ó ti pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín ni ẹkún kàn.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Àwọn olè ni wọ́n jẹ̀bi, kì í ṣe Bàbá Sàlá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣeé fojú fò. Ilé sinimá ni wọ́n ṣe fíìmù náà fún, nígbà tí ibi ìwòran ti ń kúrò ní ilé sinimá bọ̀ sí yàrá. Ẹ̀dà kan tí ó bọ́ sí ọwọ́ olè ti tó láti gba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ní 1986, ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ó di 1987, nǹkan bí náírà mẹ́rin ni ó ń ra dọ́là kan. Ta ni yóò tún rán fíìmù 35 lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Àwọn ẹgbẹ́ eré kan bọ́ sí oríṣi fíìmù 16 kan tí kò ní ìyá. Bí a bá fọ̀ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ ni àwòrán, òun ni a ó gé, òun náà ni a ó máa gbé kiri láti fi hàn. Ó dín owó kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni. Gbogbo ìgbà tí a bá fi hàn ni ẹ̀rọ ń họ ọ́ lára, ọjọ́ tí ó bá sì bàjẹ́, kò sí òmíràn.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjá sí fídíò. Kò sí fífọ̀, kò sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n fi ń gé e: ọ̀kan ń ṣeré, èkejì ń dà á kọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ohun kan kún àárín, wọ́n ní láti tún gbogbo èyí tí ó tẹ̀lé e dà kọ. Ẹ̀dà ẹ̀dà sì máa ń ṣú ju ẹ̀dà lọ, bí aṣọ tí a ń fọ̀ léraléra. Síbẹ̀ ó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò lè sún mọ́ fíìmù ní àyè láti sọ ìtàn tiwọn. Oníṣòwò kan, Kenneth Nnebue, ti kọ́kọ́ fi owó ṣe fídíò ní èdè Yorùbá kí ó tó gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ígbò ní 1992. Láti ìgbà náà ni ọjà fídíò ti gbilẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà.

Àwọn kan ń fi ojú kéré fídíò nígbà náà, pé kì í ṣe sinimá gidi. Ẹ wo Túndé Kèlání. Ó ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní WNTV, ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni ó sì ya àwòrán Mosebọ́látán ti Bàbá Sàlá. Ó mọ fíìmù dé ojú àmì, síbẹ̀ kò kọ fídíò. Òun ni ó darí Ti Olúwa ni Ilẹ̀ ní 1993, àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Ìmọ̀ nípa iná, nípa ibi tí a ó gbé kámẹ́rà sí àti nípa ìtàn kì í ṣe ohun tí ó ń bá fíìmù 35 kú. Ó bá a dé inú ẹ̀rọ kékeré.

Nísinsìnyí a kan kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ń fi bírò kọ lẹ́tà, tí ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ní àárín, ẹ ní láti tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ ni gígé fídíò pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí páálí kékeré tirẹ̀, ẹ kàn lè ti àwọn yòókù sẹ́yìn, kí ẹ fi ọ̀kan há àárín. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún àwòrán nìyẹn. Ní 1971 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, CMX 600, jáde, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ni agbára wọn ká a. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ Avid gbé tiwọn jáde. Adobe gbé Premiere jáde ní 1991, Apple sì gbé Final Cut Pro jáde ní 1999.

Ọ̀gá kan wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, Walter Murch. Avid ni ó fi gé The English Patient, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ náà. Fíìmù tí a fi kọ̀ǹpútà gé kò tíì gba ẹ̀bùn yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi Final Cut Pro, tí owó rẹ̀ kéré jọjọ, gé Cold Mountain tí ó jáde ní 2003. Ẹ̀rọ yí padà, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ọ̀gá kò yí padà.

Ṣùgbọ́n ní 2011, Apple yí Final Cut Pro padà pátápátá. Èyí tuntun náà kò lè ṣí iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ti fi ti àtijọ́ ṣe. Inú bí àwọn oníṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó lọ sí ọ̀dọ̀ Avid àti Premiere. Ní 2013, Adobe pẹ̀lú yí ọ̀nà ìsanwó padà: dípò kí ènìyàn rà á lẹ́ẹ̀kan, àsanlé ni yóò máa san, bí owó ilé. Ètò mìíràn, DaVinci Resolve, gba ọ̀nà tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó ń lò ó nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Blackmagic rà á ní 2009, nígbà tí ó sì di 2011 wọ́n ti gbé irú rẹ̀ kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni èyí kọ́ wa? Ètò tí a fi ń gé àwòrán dà bí yàrá tí a háyà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé. Má fi ohun ìní rẹ kan ṣoṣo síbẹ̀.

Kámẹ́rà pẹ̀lú ti di kékeré. Nígbà tí Danny Boyle ń ya 28 Days Later, tí ó jáde ní 2002, ó fẹ́ fi Lọ́ńdọ̀nù hàn bí ìlú tí kò sí ènìyàn kan nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n lè dá àwọn ọkọ̀ dúró. Kámẹ́rà fídíò kékeré, Canon XL1, ni wọ́n lò, nítorí wọ́n lè tètè to ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí igun gbogbo. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti fíìmù 35, ṣùgbọ́n fíìmù 35 kì bá tí rí àyè ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2008, Canon gbé 5D Mark II jáde, kámẹ́rà fọ́tò tí ó tún ń ya fídíò dáradára, àwọn tí owó wọn kò tó sì rí ọ̀nà. Ní 2015, wọ́n fi Tangerine hàn, tẹlifóònù iPhone 5s ni Sean Baker sì fi yà á.

Ẹ má wí nítorí èyí pé tẹlifóònù tó fún ohun gbogbo. Ilé-iṣẹ́ Netflix ní ìwé kan tí wọ́n to orúkọ àwọn kámẹ́rà tí wọ́n fọwọ́ sí sí, fún àwọn fíìmù tí wọ́n bá gbé fún ni ṣe. Ẹni tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ yóò wo ìwé náà kí ó tó wo àpò rẹ̀. Ní 2022, Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix. Ní 1976, bàbá ń ronú ilé sinimá. Ní 2022, ọmọ ń ronú tẹlifíṣọ̀n àti tẹlifóònù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn káàkiri ayé. Iṣẹ́ ìdílé kan náà ni, ibi ìwòran ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tí o di owó rẹ mú lọ sí ọjà, bi ara rẹ ní ohun mẹ́rin. Èkínní, níbo ni a ó ti wo iṣẹ́ mi? Bí ó bá jẹ́ lórí tẹlifóònù nìkan, má ra ohun tí a ṣe fún ojú aṣọ ńlá. Èkejì, irú ibo ni mo ti fẹ́ ya àwòrán? Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní òde àríyá lálẹ́ nílò kámẹ́rà tí ó ń ríran nínú òkùnkùn díẹ̀, àti bátìrì púpọ̀. Kí ó sì ya owó sọ́tọ̀ fún gbohùngbohùn, nítorí olùwòran lè fara da àwòrán tí ó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fara da ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́.

Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà mi lè jẹ ohun tí kámẹ́rà yìí ń pọ̀? Àwọn kámẹ́rà kan máa ń di àwòrán pọ̀ gidigidi kí ó lè gba àyè kékeré, bí ẹni di ẹrù aṣọ pọ̀ sínú àpò tóóró. Kọ̀ǹpútà ni yóò tú ẹrù náà ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ wò ó. Bí agbára rẹ̀ kò bá tó, yóò máa dúró bí ọkọ̀ àtijọ́ lórí òkè. Nítorí náà, gba àwòrán tí kámẹ́rà náà yà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní irú rẹ̀, kí o sì fi dán kọ̀ǹpútà rẹ wò kí o tó sanwó.

Ẹ̀kẹrin, níbo ni n ó tọ́jú rẹ̀ sí? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Kámẹ́rà tí ń kó mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò kó gígábáìtì 45 ní wákàtí kan. Òde ìgbéyàwó wákàtí mẹ́jọ yóò tó 360. Ìlọ́po méjì èyí ni yóò jẹ́ bí kámẹ́rà bá jẹ́ méjì. Òfin àwọn agéfíìmù àtijọ́ ni mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: a kì í gé ìyá fíìmù. Ohun tí ó jáde láti inú kámẹ́rà ni ìyá. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí iná àti olè kì í sọ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí o bá gé tán pẹ̀lú, gbé e jáde ní irú tí ètò mìíràn lè ṣí.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ̀rọ tí ọlọ́jà ń fi yangàn lónìí yóò di ti àtijọ́ láìpẹ́. Kinetograph ti wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, téèpù onínǹṣì méjì ti lọ, kásẹ́ẹ̀tì VHS sì ń bu nínú ọ̀pọ̀ àpótí nílé wa. Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àwọn òbí yín, tàbí ti eré àwọn àgbà òṣèré wa, ẹ lọ dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ̀rọ tí ó lè ṣí i kò tíì tán nílẹ̀. Kí ẹni tí ó sì fẹ́ ra kámẹ́rà tuntun wo ilé kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ.